Àwọn Tó Wà Nísàlẹ̀ Ọkọ̀ Ajalèlókun

Bí ẹ bá lọ síbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lóde òní, ì báà jẹ́ ní Lẹ́kí, ì báà jẹ́ ní Peckham, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ọmọ kan tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo ojú rẹ̀ kan, tí wọ́n fi aṣọ pupa wé e lórí, tí idà onírọ́bà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbárí òkú àti egungun méjì ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sórí àkàrà òyìnbó. Ajalèlókun ni ọmọ náà lọ́jọ́ náà. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi kò tíì rí òbí tó múra fún ọmọ rẹ̀ bí adigunjalè ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, kí ó wá pe èèyàn jọ kí wọ́n wá wò ó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ọ̀kan ń dá èèyàn lọ́nà lórí ilẹ̀, èkejì ń dá wọn lọ́nà lórí omi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àríyá ọmọdé ni mo fẹ́ bà jẹ́. Ọmọdé kò ṣẹ ẹnì kankan. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí olè ṣe di ọ̀rẹ́ ọmọdé, àti ohun tí wọ́n ní láti yọ kúrò nínú ìtàn kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tọ ìtàn àwọn gbajúmọ̀ ajalèlókun lọ sí ìdí rẹ̀, etíkun tiwa ló gbé mi dé: Ouidah, ní ilẹ̀ Benin ti òde òní, tí kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ láti Àgbádárìgì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn tó ya àwòrán tí gbogbo wa mọ̀. Ní 1724, ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù tó sọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ajalèlókun. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Captain Charles Johnson. Ìwé náà tà wàràwàrà, nítorí ó da òtítọ́ pọ̀ mọ́ àsọdùn bí àwọn olófòófó ṣe ń ṣe. Ní 1883, Robert Louis Stevenson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbé Treasure Island jáde. Inú ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ń dá ajalèlókun mọ̀ ti wá: àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fàmì sí ibi tí ìṣúra wà, ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan, odídẹrẹ́ tó bà lé e léjìká. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Howard Pyle, ló wá wọ aṣọ aláràbarà fún wọn, tó fi yẹtí sí wọn létí, tó we orí wọn. Àní ohùn ràmùràmù tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, òṣèré kan tó ń jẹ́ Robert Newton ló mú un wá ní 1950. Ohùn àwọn ará agbègbè rẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú òkun kankan ní pàtó. Nígbà tí Pirates of the Caribbean fi dé ní 2003, iṣẹ́ ti parí. Olè ti di aláwàdà tó lé tìróò.

Ti àpótí ìṣúra tí wọ́n ní wọ́n máa ń bò mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ dájú ni William Kidd, tó bo wúrà àti fàdákà mọ́lẹ̀ ní erékùṣù Gardiners, nítòsí New York, ní 1699. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ fi hú u jáde, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí ta kò ó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1701, wọ́n yẹgi fún un létí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Okùn àkọ́kọ́ já. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n tún un so. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọ́ sínú àgò irin létí omi, kí gbogbo atukọ̀ tó bá ń kọjá lè rí i. Ní ti àwọn ajalèlókun yòókù, díẹ̀ nínú wọn ló ní ohun tí wọ́n lè bò mọ́lẹ̀. Aṣọ, ṣúgà, ìyẹ̀fun, okùn, ìgbòkun àti ọtí ni wọ́n ń rí kó jù. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Iye pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ta ẹrù olè fún oníṣòwò tó bá lè pa á mọ́, wọn a sì mutí rọ owó náà tán.

Ẹ wá wo Edward Teach, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Blackbeard, Onírùngbọ̀n Dúdú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1718, ó kó ọkọ̀ mẹ́rin lọ dí ẹnu èbúté Charleston ní South Carolina fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó mú àwọn èèyàn pàtàkì ìlú náà ní ìgbèkùn, ó sì ní òun yóò bẹ́ wọn lórí bí wọn kò bá fún òun ní ohun tí òun ń fẹ́. Kí ló béèrè? Kì í ṣe wúrà rárá. Àpótí oògùn kan ni. Wọ́n fún un, ó sì lọ. Ní 1996, wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ tó rì nísàlẹ̀ òkun ní etíkun North Carolina. Lára ohun tí wọ́n hú jáde níbẹ̀ ni sírínjì kan tí mẹ́kúrì ṣì wà nínú rẹ̀. Irú sírínjì bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ayé ìgbà náà fi ń fún mẹ́kúrì sínú ojú ara ọkùnrin láti wo àrùn ìbálòpọ̀. Mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé! Ẹ so àpótí oògùn àti sírínjì yẹn pọ̀ fúnra yín. Èmi kò tíì rí i nínú fíìmù kankan.

Nǹkan bí ọdún méjì péré ni Blackbeard fi ṣe ọ̀gá ajalèlókun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1718 kan náà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì pa á. Wọ́n ka ojú ìbọn márùn-ún àti ojú idà tó tó ogún sí i lára, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ iwájú ọkọ̀ wọn gbé wálé.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkọ̀ tí Blackbeard gbé dẹ́rù ba Charleston, Queen Anne's Revenge ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tó bá a nìyẹn. La Concorde ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ẹrú àwọn ará Faransé láti ìlú Nantes. Ní oṣù Keje ọdún 1717, La Concorde gúnlẹ̀ sí Ouidah. Èèyàn 516 ló kó níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti mú láti ẹ̀yìn ìlú yẹn wá sí etíkun, nígbà tí òwò Ọ̀yọ́ pàápàá ti ń dé agbègbè náà. Kí ọkọ̀ tó la òkun já, 61 nínú wọn ti kú. Àwọn atukọ̀ 16 náà kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn atukọ̀ tó kù ni ìgbẹ́ ọ̀rìn àti àrùn àìrí èso jẹ dá dùbúlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Blackbeard yọ sí wọn nítòsí Martinique ní oṣù Kọkànlá, wọn kò lágbára láti jà.

Ní ibi yìí, ẹni tó bá ti wo fíìmù yóò máa retí pé ajalèlókun náà yóò já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ó já àwọn ará Faransé àti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní erékùṣù Bequia. Ó gba ọkọ̀ ńlá, ó sì fi ọkọ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún ọ̀gá atukọ̀ Faransé. Ó fi tipátipá mú àwọn oníṣègùn wọn, àwọn káfíńtà wọn àti alásè wọn lọ, nítorí iṣẹ́ pọ̀ nínú ọkọ̀ olè tí kò sí ẹni tó fẹ́ fi ìfẹ́ inú ṣe. Ọ̀gá atukọ̀ Faransé fi ọkọ̀ kékeré yẹn rìn lẹ́ẹ̀mejì, ó kó àwọn ẹrú lọ sí Martinique, ó sì tà wọ́n. Orúkọ tó sọ ọkọ̀ kékeré náà ni Mauvaise Rencontre, ìyẹn Ìpàdé Burúkú. Ní tirẹ̀, ó pàdánù ọkọ̀, nítorí náà ìpàdé náà burú. Ní ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ olè gbé, olè gbà ni. Kò sí ohun tó yí padà fún wọn ju pé wọ́n lo ọjọ́ díẹ̀ ní Bequia.

Ọdún 1717 kan náà ni ti Samuel Bellamy, ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ìfẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ó gba ọkọ̀ kan tó ń ti Jàmáíkà pa dà sílé lẹ́yìn tó ti ta ẹrú tán. Whydah Gally ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ẹ pè é sókè dáadáa. Ouidah ni. Ìlú tí wọ́n ti ń ra èèyàn ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ lórúkọ, bí èèyàn ṣe ń fi orúkọ ọjà rẹ̀ kọ ara mọ́tò. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, ìjì gbé ọkọ̀ náà lu etíkun Cape Cod, ó sì dojú dé. Bellamy kú, ọmọ ọdún 28 ni. Nínú èèyàn tó lé ní 140 tó wà nínú rẹ̀, méjì péré ló yè. Ní 1984, wọ́n rí ọkọ̀ náà, owó fàdákà àti wúrà inú rẹ̀ sì di ohun àfihàn. Lára ohun tí wọ́n tún rí ni bàtà kékeré kan àti egungun ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbà pé ti John King ni, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ọmọ ọdún 12, tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí Bellamy dá lọ́nà, tó sì takú pé ajalèlókun ni òun fẹ́ dà.

Bartholomew Roberts ló wá ga jù láàárín wọn. Àwọn tó mọ ìtàn ní ó tó 400 ọkọ̀ tó gbà láàárín ọdún mẹ́ta tí kò pé. Òun fúnra rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Wales, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ẹrú ni nígbà tí àwọn ajalèlókun mú un ní Anomabu, ní Gánà òde òní, ní 1719. Oge ni. Tíì ló ń mu nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu ọtí. Aṣọ àrán pupa, ìyẹ́ pupa lórí fìlà, ẹ̀wọ̀n wúrà lọ́rùn: bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń múra lọ sójú ìjà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1722, Roberts wọ èbúté Ouidah. Ọkọ̀ 11 ló bá níbẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé àti ti Pọtogí, tí òwò ẹrú gbé wọn dé. Kò sí èyí tó jà. Ó bu owó ìtúsílẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wúrà lẹ́búlẹ́bú ìwọ̀n pọ́ùn 8. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ san án. Roberts sì kọ rìsíìtì fún àwọn tó béèrè, ó buwọ́ lù ú bí oníṣòwò tó mọ̀wé. Ibi rìsíìtì yìí ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń dúró sí kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a rìn síwájú díẹ̀ sí i. Ọ̀gá ọkọ̀ kan wà lórí ilẹ̀, ó kọ̀, ó ní òun kò ní bá olè dúnàá dúrà. Porcupine ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Roberts ní kí wọ́n kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì dáná sun ún. Ṣùgbọ́n méjì méjì ni wọ́n de àwọn èèyàn náà pọ̀. Títú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń gba àkókò, àwọn ajalèlókun sì ń kánjú. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà pẹ̀lú èèyàn 80 nínú rẹ̀. Ẹni tó dúró, iná jó o. Ẹni tó bẹ́ sómi, ó fa ẹnì kejì rẹ̀ dání nínú ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹja ekurá tí eyín wọn mú bí ayùn sì fà wọ́n ya níṣojú gbogbo èbúté. Ìwé 1724 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ rìsíìtì wà. Àwọn tó fi ìwé náà ṣe ìtàn fún ọmọdé mú rìsíìtì, wọ́n sì fi Porcupine sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ bá mi jiyàn, nítorí ẹ ti kàwé. Ẹ ó ní àwọn ajalèlókun yìí ń dìbò yan ọ̀gá wọn nígbà tí kò sí ọba kankan ní Yúróòpù tó ń bèèrè ìbò lọ́wọ́ atukọ̀. Òótọ́ ni. Nínú òfin ọkọ̀ Roberts, gbogbo èèyàn ló ní ìbò. Ìpín méjì péré ni ọ̀gá ń mú níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń mú ẹyọ kan. Ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gé, wọ́n ní yóò gba 800 owó fàdákà látinú àpò gbogbo ẹgbẹ́. Lóde òní pàápàá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà ni kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Mo tún gbà pé ìyà tó ń jẹ atukọ̀ nínú ọkọ̀ òwò nígbà náà pọ̀: ẹgba, owó oṣù tí wọn kì í san pé, oúnjẹ tí ìdin ti wọ̀. Nígbà tí ogun ńlá Yúróòpù parí ní 1713, ẹgbẹẹgbẹ̀rún atukọ̀ ló di aláìríṣẹ́ṣe. Ẹni tí ebi ń pa, tí wọ́n ń nà, ọ̀nà olè kò jìnnà sí i.

Mo tún mọ̀ pé àwọn èèyàn dúdú wà lára wọn, àwọn mìíràn nínú wọn sì gbé ìbọn bí ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ ẹ wo bí ó ṣe parí. Ní oṣù Kejì ọdún 1722, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Swallow ká Roberts mọ́ Cape Lopez, ní Gabon òde òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti mutí yó, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ kan ni. Ọta àgbá bà á lọ́fun, ó kú pẹ̀lú aṣọ àrán rẹ̀ lọ́rùn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì sọ òkú náà sómi. Wọ́n kó àwọn tó kù lọ sí ilé olódi Cape Coast, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó ẹrú pamọ́ sí, wọ́n ṣẹjọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún 52. Àwọn funfun nìkan ló rí ilé ẹjọ́ o. Àwọn dúdú tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ Roberts lé ní 60. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bóyá ajalèlókun ni wọ́n tàbí ìgbèkùn. Wọ́n tà wọ́n. Ìbò tí wọ́n ní nínú ọkọ̀, bí wọ́n bá ní i rí, kò dé èbúté.

Cape Lopez yìí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Port-Gentil. Ẹ fi orúkọ ìlú náà sọ́kàn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Mozart ń ti Èkó lọ sí Cape Town. Èèyàn 19 ló wà nínú rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì ni 18, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Azerbaijan. Kò jìnnà sí São Tomé tí àwọn ajalèlókun fi gùn ún. Àwọn atukọ̀ sá wọ yàrá ààbò, wọ́n ti ìlẹ̀kùn irin mọ́ra. Àwọn tó wà lóde kò kánjú. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi gé irin títí wọ́n fi wọlé. Ọmọ Azerbaijan náà, tó jẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì, ni wọ́n pa. Wọ́n kó 15 lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù, tí ọ̀gá wọn kò sí mọ́, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ti bàjẹ́, tu ọkọ̀ náà títí wọ́n fi dé Port-Gentil. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dá àwọn 15 sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ọdún tó ṣáájú èyí, 2020, ni ó burú jù. Àjọ International Maritime Bureau kà á pé atukọ̀ 135 ni àwọn ajalèlókun jí gbé ní gbogbo ayé, 130 nínú wọn sì jẹ́ ní Gulf of Guinea, ìyẹn òkun tó wà níwájú ilẹ̀ wa. Inú ẹrẹ̀ àti igbó ẹ̀gbà ní Niger Delta ni wọ́n máa ń kó wọn pamọ́ sí, títí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yóò fi sanwó. Láti 2021, iye náà ti wálẹ̀ sí ti ọdún yẹn, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé atukọ̀ ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Ní ilé, fóònù ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ń dúnàá dúrà kò ní sọ ohun tó ń lọ fún wọn, nítorí bí ìròyìn bá tú síta, iye owó lè lọ sókè.

Bí ilé-iṣẹ́ kò bá wá sanwó rárá ńkọ́? Èyí ṣẹlẹ̀ sí àwọn atukọ̀ ọkọ̀ apẹja Naham 3, tí àwọn ajalèlókun Sòmálíà mú ní oṣù Kẹta ọdún 2012. Ọkọ̀ náà rì, kò sì sí ohun tí olówó rẹ̀ tún ń rà padà mọ́. Ó ku àwọn èèyàn, ọmọ Kàǹbódíà, Ṣáínà, Fílípínsì, Fẹtinámù, Indonéṣíà àti Taiwan, àwọn ọmọ tálákà tó lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ẹja. Wọ́n lo ọdún mẹ́rin àbọ̀ ní ìgbèkùn. Eku wà lára ohun tí wọ́n jẹ. Ẹnì kan kú lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọkọ̀, àìsàn pa méjì, 26 ló pa dà sílé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016.

Àwọn tó gbé ìbọn gan-an kò sì lówó tó bí wọ́n ṣe ń rò. Ní 2013, Báǹkì Àgbáyé, àjọ UNODC àti Interpol gbé ìwádìí kan jáde nípa owó ìtúsílẹ̀ tí àwọn ajalèlókun Sòmálíà gbà láàárín 2005 sí 2012. Iye tí wọ́n ṣírò rẹ̀ sí wà láàárín 339 mílíọ̀nù sí 413 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀dọ́ọ̀dọ́ àwọn tó fi owó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí wọn kò fi ẹsẹ̀ kan omi òkun rí, ni èyí tó pọ̀ nínú owó yìí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ọkọ̀ ń gba ìpín kékeré, wọ́n sì ń yọ owó oúnjẹ àti ti ewé khat tí wọ́n ń jẹ kúrò nínú rẹ̀. Àwìn ni wọ́n ń ta ewé náà fún wọn, ní iye tó ju ti ọjà lọ. Bí ẹnì kan bá hùwà àìdáa sí ìgbèkùn, owó ìtanràn. Bí ó bá sùn sídìí iṣẹ́, owó ìtanràn. Àwọn mìíràn parí iṣẹ́ tán, gbèsè ni wọ́n gbé lọ sílé. Ẹ wo bí ó ṣe yàtọ̀ sí ìpín kan fún ọmọ iṣẹ́ àti méjì fún ọ̀gá. Ọkọ̀ Roberts, pẹ̀lú gbogbo ìkà tó kún inú rẹ̀, kò ní olówó tó jókòó sílé báyìí.

Nàìjíríà ṣe òfin tó dá lórí ajalèlókun ní pàtó ní 2019. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn òfin mìíràn ni wọ́n ń wá kiri láti fi mú wọn, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdálẹ́bi àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun yìí wáyé ní Port Harcourt ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, owó ìtanràn ni wọ́n bù lé wọn. Ti Èkó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àwọn kan gba ọkọ̀ apẹja Hailufeng 11 ní etíkun Côte d'Ivoire, wọ́n sì darí rẹ̀ wá sápá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà lé wọn bá, wọ́n gùn ọkọ̀ náà, wọ́n sì gba àwọn atukọ̀ 18 sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó rán àwọn mẹ́wàá lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12 ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ ńlá ni Hailufeng àti Mozart. Wọ́n ní rédíò, wọ́n ní orúkọ nínú ìwé, ìjọba orílẹ̀-èdè wọn ń béèrè wọn. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ onígi jáde ní ìdájí, kò ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ajalèlókun ń dá àwọn náà lọ́nà. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tú, nítorí òun ló níye lórí jù. Wọn a kó ẹja, wọn a kó fóònù, wọn a gba epo. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́ yóò wà lójú agbami títí apẹja mìíràn yóò fi rí i, tàbí kí àwọn inú rẹ̀ máa fi àjẹ̀ wà á bọ̀ wá sílé. Ẹ́ńjìnnì tuntun kì í ṣe ohun tí apẹja ń fi owó ọjọ́ kan rà. Gbèsè ni yóò jẹ, ìyàwó rẹ̀ tí ń yan ẹja tà yóò sì bá a san án, ọjà lẹ́yìn ọjà, kí ó tó tún lè jáde.